Ìwé Òjò Ilé Ìwé Wa

Àwọn tó ń ṣètò ìwé ìròyìn ìpàdé wa yìí ní kí n kọ ìtàn wá. Mo mọ̀ pé ìtàn bọ́ọ̀lù lẹ ń retí, tàbí ti ẹ̀wà oníkòkòrò ọjọ́ Sátidé, tàbí ti ọ̀gá wa kan tí ìró bàtà rẹ̀ máa ń dé kíláàsì kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ẹ forí jì mí. Ìtàn ìwé kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, ìwé náà sì wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ṣé ẹ rántí àpótí funfun ẹ̀yìn kíláàsì Jọ́gíráfì? Èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ kọjá tí oòrùn kò sì lè wọ inú rẹ̀, tí àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Wáànù máa ń rò pé ilé ẹyẹlé ni? Tẹmómítà ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni agolo tí a fi ń wọn òjò wà nínú koríko, àti ọ̀pá tí àkùkọ onírin ń yí lórí rẹ̀ tó ń fi ọ̀nà afẹ́fẹ́ hàn. Láràárọ̀, ọmọ méjì ló ń lọ ka ohun tó wà níbẹ̀ kí agogo tó lù, wọn á sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá elépo aláwọ̀ ewé. Èmi náà ṣe é fún odidi sáà méjì. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn ní Agége, tí fèrè ilé iṣẹ́ kan dá a lóhùn láti apá Ìkẹjà, a ti mọ̀ pé ó tó àkókò.

Ìwé aláwọ̀ ewé yẹn ló wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan nínú yín ló gbà á lọ́wọ́ iná nígbà tí wọ́n ń kó pàǹtírí kúrò ní sítọ́ọ̀ ilé ìwé. Ó ní kí n má dárúkọ òun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1971, ó parí ní 1975.

Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ lórí ojú ọjọ́ ní yunifásítì. Ó ní òun fẹ́ kó ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà, kí òjò Agége ọdún wọ̀nyẹn lè wúlò fún àwọn tó ń wádìí bóyá òjò Èkó ti yí padà. Inú mi dùn. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré ni. Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó gbé ìka lé òkè òpó kan.

“Dádì, kí ni R?”

“Òjò ni. Kí ló tún lè jẹ́?”

“Íǹṣì ni àbí mìlímítà? Ti odindi ọjọ́ kan ni àbí ti òru nìkan? Aago mélòó lẹ ń kà á?”

Ẹ̀yin ará, ẹnu mi wọ́hò.

Ẹ wo ohun tó fa á. Ìgbà tiwa gan-an ni nǹkan ń yí padà ní Nàìjíríà. Ní 2 Oṣù Kẹrin 1972 ni mọ́tò kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ní 1 Oṣù Kìíní 1973 ni náírà lé pọ́n-ùn lọ. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni íǹṣì àti Fahrenheit ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, tí mìlímítà àti Celsius ń wọlé. Nínú ìwé wa, ti ooru kò ṣòro: lọ́jọ́ kan a kọ 84, lọ́jọ́ kejì a kọ 29. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Agége rí mọ̀ pé ooru kò yẹsẹ̀, ìwọ̀n ló yí padà. Ti òjò ló burú. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Níbi tí a bá ti kọ 45, kò sí àríyànjiyàn, mìlímítà ni, nítorí òjò íǹṣì 45 kò rọ̀ lọ́jọ́ kan ní Agége rí, àfi bó bá jẹ́ láyé Nóà. Ṣùgbọ́n 1.2 ńkọ́? Bó bá jẹ́ íǹṣì, ó lé ní mìlímítà 30, òjò tó ń sọ ojú títì di odò. Bó bá jẹ́ mìlímítà, díẹ̀ ló fi ju ìrì lọ. Ìwé wa sì kún fún 1.2, 0.8, 0.5.

Ẹ lè ní kí a lo ọjọ́ tí ooru yí padà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí fún òjò. Kò ní ṣiṣẹ́. Ìgò ìwọ̀n tuntun dé, ó fọ́, a padà sí ti àtijọ́ tó jẹ́ íǹṣì títí wọ́n fi ra òmíràn. Mo mọ ẹni tó fọ́ ọ. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀.

Ó tún kù. Lókè òpó kan, T ni a kọ, ooru là ń sọ. Nínú òpó òjò, T tún fara hàn ní àwọn ọjọ́ kan. Ó pẹ́ kí n tó rántí: òjò tó rọ̀ tí kò tó wọ̀n ni, tó kàn fi ẹ̀kán omi sílẹ̀ nísàlẹ̀ agolo. Ọ̀gá ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kan, ohun méjì, nínú ìwé kan ṣoṣo.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Oṣù Kẹjọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé òjò Èkó máa ń sinmi nínú Oṣù Kẹjọ, kí ó tó tún padà bẹ̀rẹ̀ nínú Oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kẹjọ náà làwa fúnra wa ń gba ìsinmi. Òpó òjò Oṣù Kẹjọ inú ìwé wa ṣófo gbáú. Ṣé òjò ló sinmi ni, àbí àwa? Bí òjò kò bá rọ̀, òdo ló yẹ kí a kọ. Bí kò bá sí ẹni tó lọ wò ó, ó yẹ kí a kọ pé a kò wò ó. A kò kọ ọ̀kankan.

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, gbogbo ayé ló ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ìtàn bí ayé ṣe ń gbìyànjú láti kúrò nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ìyókù ìwé yìí sọ.

Ìṣòro náà kò sì ṣàjèjì sí mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ kan nínú ìlú ilé iṣẹ́ Ìkẹjà, èyí tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà kò tíì bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí dírẹ́bà bá wá gba “bẹ́líìtì”, ti fáànù mọ́tò ló ń wí. Bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ bá ní “bẹ́líìtì”, rọ́bà gbọọrọ tó ń gbé páálí kọjá ni. Lọ́jọ́ kan wọ́n ra “bẹ́líìtì” mẹ́fà láti òkè òkun, kò sí èyí tó bá ẹ̀rọ kankan mu. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá sítọ́ọ̀ ti ní ohunkóhun tí kò bá ní nọ́ńbà kò gbọdọ̀ wọlé.

Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ní 1802, Luke Howard, ará London kan tó ń po oògùn, fún ìkùukùu ní orúkọ èdè Látìn, kí ará Faransé àti ará Jámánì lè mọ èyí tí ara wọn ń wí: cirrus, cumulus, stratus. Ní 1805, Francis Beaufort, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, to agbára afẹ́fẹ́ láti 0 dé 12. Ní 1873 wọ́n pàdé ní Vienna láti dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ló di World Meteorological Organization, WMO, ní 23 Oṣù Kẹta 1950. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 1960. Ọmọ Nàìjíríà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Godwin Obasi, ọmọ Ogori, ló jẹ́ akọ̀wé àgbà rẹ̀ láti 1984 títí di 2003. Kí ẹ sì má gbàgbé, Oṣòdì níbí ni ilé ẹ̀kọ́ tí WMO fọwọ́ sí fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí wà.

Ẹ jẹ́ ká dé pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Nígbà tí àwa ń fi bírò kọ R sínú ìwé, àwọn ará ibẹ̀ ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ káàkiri ayé. Ìkẹjà ní nọ́ńbà tirẹ̀, 65201. Àwa àti àwọn aládùúgbò wa la jọ ń jẹ 65: Kútọnu ni 65344, Lomé ni 65387. Lẹ́yìn orúkọ ibùdó ni àwọn nọ́ńbà márùn-ún márùn-ún máa ń tẹ̀ lé ara wọn, èyí tó wà níwájú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdìpọ̀ náà ló sì ń sọ ohun tí ìdìpọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá rí 10284, 1 iwájú ní ooru afẹ́fẹ́ ni, òdo tó tẹ̀ lé e ní kò rẹlẹ̀ ju òdo lọ, ìyókù ni 28.4 ní Celsius. Bó bá jẹ́ òjò, 6 ló máa wà níwájú. 60454: òjò mìlímítà 45, 4 ìparí sì ń sọ pé ti wákàtí 24 ni. Bó bá jẹ́ ti wákàtí mẹ́fà, 1 ni wọn ìbá fi parí rẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó! Ìbéèrè mẹ́ta tí ọmọ mi bi mí, nọ́ńbà márùn-ún dáhùn púpọ̀ nínú wọn.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, rúdurùdu padà dé. Ilé ìwádìí kọ̀ọ̀kan ń kó dátà jọ, kálukú sì ń sọ ọmọ tirẹ̀ lórúkọ. Ẹnì kan pe ooru afẹ́fẹ́ ní T, ẹlòmíràn pè é ní TEMP, ẹlòmíràn tas, ẹlòmíràn t2m. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ará Unidata ní Boulder, ní Amẹ́ríkà, gbé irú fáìlì kan jáde tí wọ́n ń pè ní netCDF, tó lè gbé àkọlé ara rẹ̀ sínú. Ó dára, ṣùgbọ́n ohun tí oníkálukú yóò kọ sí àkọlé náà ṣì kù sọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣe àdéhùn kan ní 1995 tí wọ́n pè ní COARDS. Nínú Oṣù Kẹwàá 2003, àwọn ènìyàn márùn-ún láti ilé ìwádìí Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé èyí tó gbilẹ̀ jù jáde: CF, Climate and Forecast. Inú rẹ̀ ni tábìlì orúkọ wà. Orúkọ tó wà nínú rẹ̀ lónìí ti lé ní 4,000.

Ìtumọ̀ rẹ̀ rọrùn fún ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sí kíláàsì wa. Gbogbo yín lẹ ní ìnagijẹ. Ẹ lè máa pe ẹnì kan ní “Kóńgò” láti 1971 títí di òní, kò sí ẹni tó ní kí ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà nínú rẹ́jísítà. CF kò ní kí ẹnikẹ́ni má pe ooru ní T nínú fáìlì rẹ̀. Ohun tó ní ni pé kí ó kọ orúkọ rẹ́jísítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, air_temperature, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Bí orúkọ rẹ́jísítà kan bá sì yí padà, wọn kì í pa ti àtijọ́ rẹ́. Wọ́n á fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpèlé, kí fáìlì àtijọ́ má baà sọnù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa obìnrin tí ẹ ti lọ́kọ mọ ohun tí mò ń wí. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wa ṣì ń fi orúkọ ilé bàbá yín sí ẹ̀gbẹ́ ti ọkọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwọn wọ̀nyí sì ń wo ilé dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ Jọ́gíráfì, kí ni à ń pè ní afẹ́fẹ́ ìlà oòrùn? Èyí tó ń bọ̀ láti ìlà oòrùn ni àbí èyí tó ń lọ síbẹ̀? Àwa tó ń wo àkùkọ onírin ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ti wá pè é. Àwọn tó ń wo omi òkun ń fi ibi tí omi ń ṣàn lọ pè é. Nínú tábìlì CF, wind_from_direction wà, wind_to_direction náà wà, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun kò mọ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, láti orí òkun, ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa. Bí ọyẹ́ bá dé, àríwá ìlà oòrùn ló ti ń wá. Èéfín tó bá ti ẹ̀gbẹ́ Ọba Akran jáde nígbà òjò, apá Àgídíngbì àti Ọjọ́dù ló ń forí lé. Kí ẹnì kan tó jókòó sí òkè òkun ka “gúúsù ìwọ̀ oòrùn” sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, èéfín Ọjọ́dù ti di ti pápá ọkọ̀ òfuurufú nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọmọ tó ń wúkọ́ ní Ọjọ́dù kò sì ní sí nínú ìṣirò.

Ti sátẹ́láìtì tún wá. Bí sátẹ́láìtì bá kọjá lórí Ìkẹjà lọ́sàn-án gangan, kò rí inú àpótí funfun wa. Orí páànù ló ń rí, páànù Ògbà, ti Orégùn, ti Àgídíngbì, àti ọ̀dà títì. Ooru tó ń jáde lára páànù wọ̀nyẹn ló ń gbà. Tẹmómítà inú àpótí wa ń wọn afẹ́fẹ́, lábẹ́ ìbòòji, ní gíga tó tó àyà ọmọdé. Páànù ọ̀sán lè fi dígírì mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ lọ. Ọmọ tó ti fọwọ́ kan páànù rí kò nílò ọ̀jọ̀gbọ́n láti sọ fún un. Síbẹ̀ èèyàn lè kọ ọ́ síta pé “ooru Ìkẹjà” tó báyìí, kí ó má sọ pé ti páànù lòun ń wí. Tábìlì náà yà wọ́n sọ́tọ̀: surface_temperature fún ojú ohun tó wà nílẹ̀, air_temperature fún afẹ́fẹ́, toa_brightness_temperature fún ohun tí ojú sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ rí lókè kí ẹnikẹ́ni tó ṣírò rẹ̀.

Òjò náà pín sí oríṣiríṣi. Agolo wa ń kó òjò jọ, ó ń sọ iye tó ti rọ̀. Sátẹ́láìtì ń ṣírò bí òjò ṣe ń yára rọ̀ ní wákàtí tó ń wò ó. Precipitation_amount ni ti àkọ́kọ́, precipitation_flux ni ti ìkejì, kìlógíráàmù sì ni wọ́n fi ń wọn méjèèjì lórí mítà kan níbùú lóòró, ti ìkejì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Mo bínú nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ta ló ń wọn òjò ní kìlógíráàmù? Ọmọ mi ní kí n ro ó wò: òjò mìlímítà kan lórí mítà kan níbùú lóòró, lítà omi kan ni, lítà omi kan sì jẹ́ kìlógíráàmù kan. Ó tọ̀nà o. Nọ́ńbà kan náà ni.

Ọdún 2003 tí CF jáde yẹn, òun náà ni òfin dá NiMet sílẹ̀, tó gba iṣẹ́ ojú ọjọ́ Nàìjíríà. Òun náà ni NigeriaSat-1 gòkè lọ, ní 27 Oṣù Kẹsàn-án, láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà. Àwòrán ilẹ̀ ni NigeriaSat-1 ń yà nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kì í wọn ooru. Ti òjò, TRMM tí Amẹ́ríkà àti Japan gbé sókè ní Oṣù Kọkànlá 1997 ló bẹ̀rẹ̀ sí wò ó fún wa dáadáa láti òfuurufú.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa: 1997. Kò sí sátẹ́láìtì tó lè padà sẹ́yìn lọ wo òjò 1973. Lẹ́yìn tí òjò 10 Oṣù Keje 2011 fi omi kún Èkó, gbogbo ènìyàn ń bèèrè bóyá òjò ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ ni, àbí sìmẹ́ńtì àti páànù wa ni kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ. Ilẹ̀ tí J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbin kòkó sí ní Agége ti di ilé àti ilé iṣẹ́. Kí a tó mọ èyí tó yí padà, òjò àbí ilẹ̀, a nílò òjò àtijọ́. Ìkẹjà ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ òjò Èkó: ó lè dà wìì ní Ògbà kí koríko pápá ọkọ̀ òfuurufú má tutù. Agolo wa wà níbi tí agolo ìjọba kò sí.

Ọmọ mi ti kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà báyìí. Ooru ti ní orúkọ àti ìwọ̀n. Gbogbo T inú òpó òjò ti ní àlàyé. Àwọn nọ́ńbà òjò kéékèèké láti àárín 1972 dé ìparí 1974 wà nínú fáìlì lọ́tọ̀, ó kọ sí i lára pé a kò mọ ìwọ̀n wọn, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣírò. Gbogbo Oṣù Kẹjọ, −999 ló fi sí i. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ nìyẹn, kí kọ̀ǹpútà má baà kà á sí òdo.

Nítorí náà, ẹ̀yin bọ́dà tí ẹ kì í lọ sílé nínú ìsinmi Oṣù Kẹjọ, pàápàá 1973 àti 1974, ǹjẹ́ ẹnì kan nínú yín lọ wo agolo yẹn? Bí ẹ bá rántí pé ẹ rí omi nínú rẹ̀, tàbí ẹ rántí pé ẹnikẹ́ni kò dé ìdí rẹ̀, ẹ wá bá mi nídìí tábìlì lọ́jọ́ ìpàdé. Màá mú ìwé aláwọ̀ ewé náà dání. Bí ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní Jọ́gíráfì bá wà níbẹ̀, màá bi wọ́n ní aago tí wọ́n ní kí a máa kà á, nítorí mo ń rántí 7, ẹnì kejì mi sì ń búra pé 8 ni.

Àti ìwọ tó fọ́ ìgò ìwọ̀n, ẹnikẹ́ni kò ní gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ mọ́. Ọjọ́ tó fọ́ nìkan la fẹ́ mọ̀, àti ọjọ́ tí òmíràn dé.